Bí ẹ ṣe lè ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí kò ní dá iṣẹ́ ọ́fíìsì yín dúró

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi. Inú wọn ò dùn rárá. "Core i7 ni wọ́n ní kí n rà, i7 náà ni mo sì rà. Kí ló wá dé tí Excel ò fẹ́ ṣí?" Wọ́n tẹ fáìlì owó ẹgbẹ́ níṣojú mi. Iná kékeré tó wà létí ẹ̀rọ náà tàn, kò sì kú mọ́. Ojú Excel funfun báláú, ó kọ "Not Responding" sí orí. Mo gbé omi kaná, mo po tíì, mo mu ún dé ìdajì. Fáìlì ò tíì ṣí.

Sítíkà i7 tó wà lára ẹ̀rọ náà ò parọ́ o. i7 ni processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, lóòótọ́: i7-3520M, èyí tó jáde lọ́dún 2012, pẹ̀lú RAM 4GB (àyè tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti hard disk 1TB, irú èyí tó ń yí nínú ẹ̀rọ. Orúkọ ni bàbá fi owó wọn rà, wọn ò ra kọ̀ǹpútà tó lè ṣe iṣẹ́ wọn.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ fún Word, Excel, íméèlì, Chrome, Zoom àti ìwé owó ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń gbá géèmù, tiẹ̀ yàtọ̀. Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti máa ń rajà, ibẹ̀ ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ, àmọ́ kò sí ọjà tí àwọn ìgbésẹ̀ yìí ò wúlò. Mi ò ní dá iye owó kankan, torí iye tí mo bá kọ lónìí, dọ́là lè ti yí i padà kí ẹ tó kà á.

Ohun tí ẹ máa mú dání

- Fáìlì Excel tàbí Word yín tó wúwo jù lọ, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì. Tó bá ní orúkọ àti owó àwọn èèyàn nínú, ẹ kọ́kọ́ yí orúkọ wọn padà, torí orí ẹ̀rọ tó lè má di tiyín ni ẹ ti fẹ́ ṣí i.
- CrystalDiskInfo lórí fláàṣì kan náà. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló ń sọ bí ara disk ṣe le tó.
- Fóònù tó ní dátà, kí ẹ fi ṣe hotspot.
- Íàpíìsì oníwáyà, fún ihò tí wọ́n ń fi í sí.
- Ìwé kékeré àti bírò.
- Wákàtí méjì gbáko. Ẹ má lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, nígbà tí èrò ti kún Òtìgbà, àdúgbò Computer Village, débi pé ẹni tó fẹ́ tà fún yín á máa tì yín lẹ́yìn kí ẹ tètè sanwó.

Ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù, kò ní rówó ra RAM tàbí ṣájà gidi tó bá yá.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ yín ṣe wúwo tó

Orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ni ẹ ti máa ṣe èyí. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń ṣí pa pọ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá le jù: Excel tó wúwo yẹn, Word méjì mẹ́ta, WhatsApp, PDF, àti Chrome pẹ̀lú gbogbo ojú ewé tí ẹ kì í fẹ́ tì. Ẹ má dọ́gbọ́n dín in kù nítorí pé ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde. Ẹ wọ Performance, kí ẹ tẹ Memory.

Nọ́ńbà ńlá tó wà níbẹ̀ lè tàn yín jẹ. Ẹ̀rọ oní-4GB á máa fi 3.6 tàbí 3.7 hàn, ẹ ó rò pé 4GB ti tó. Kò tó. Ohun tí kò ráyè nínú RAM ló ti kó lọ sórí disk, ìdí nìyẹn tó fi ń fà. Níbi tí wọ́n kọ "Committed" sí, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì. Èyí àkọ́kọ́ ló sún mọ́ òótọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí kò bá kọjá bíi 6GB, RAM 8GB á gbé yín. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ bá máa ń ṣe ìpàdé Zoom nígbà tí Excel wà ní ṣíṣí, 16GB ni kí ẹ wá. Ẹ ó gbọ́ pé 4GB ni Microsoft fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, 4GB ló kọ fún Windows 11, 4GB ló sì kọ fún Office. Kò sọ pé kí àwọn méjèèjì jọ pín ẹyọ kan jẹ, kí Chrome tún wá bá wọn jókòó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta sọ́fíwíà ìṣirò owó fún wọn bóyá á ṣiṣẹ́ lórí Windows 11. Ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó lọ sọ́jà. Tí ẹ bá ń lo Access, ètò Microsoft tí wọ́n fi ń to àkọsílẹ̀, ẹ má ra Mac, ìyẹn kọ̀ǹpútà Apple, torí kò sí Access lórí Mac. Ẹ sì ṣọ́ra fún Chromebook, láptọ́ọ̀pù tí kì í lo Windows. Wọ́n ń pè é ní "mini laptop" lọ́jà, ó rẹwà, kò wọ́n, àmọ́ Word àti Excel tí wọ́n ń fi sórí Windows kò ṣeé fi sórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò: tí ẹ bá ti parí ìpele yìí, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín: iye RAM, iye àyè tí fáìlì yín gbà lórí disk, àti orúkọ gbogbo sọ́fíwíà tí ẹ ò lè ṣe láìní. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì wọ mọ́tò.

Ìpele 2: Nọ́ńbà ni kí ẹ kà, ẹ fi sítíkà sílẹ̀

Ibí ni owó ti máa ń ṣòfò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

i3, i5 àti i7, processor ilé iṣẹ́ Intel, dà bí ipò nínú ìdílé kan. Ìran wo ni ìdílé náà jẹ́, ìyẹn ló ṣe kókó. Ọ̀dọ́ ìran kẹjọ lè sáré ju àgbà ìran keje lọ. Àpẹẹrẹ gidi nìyí: i7-7500U ní core, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor, méjì. i5-8250U ní mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, i7 yẹn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á kọ́kọ́ gbé síwájú yín, nítorí "i7" dùn ún pè.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìran rẹ̀: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì "-". Nínú i5-6300U, 6 ló bẹ̀rẹ̀, ìran kẹfà nìyẹn. i5-8350U, ìran kẹjọ. Tó bá jẹ́ 1 ló bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ kà pọ̀: i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá, i5-1135G7 sì jẹ́ ìran kọkànlá. Ní ti AMD, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe processor, Ryzen 5 3500U sókè ni mo máa ń sọ pé kí àwọn èèyàn mi wá.

Ẹ má ra ohun tó wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ ti Intel. Ìdí rẹ̀ ni pé Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìtọ́jú Office 2016 àti Office 2019 parí. Windows 11 ló kù, bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kò gba Intel tó wà nísàlẹ̀ ìran kẹjọ. Ó tún fẹ́ kí ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 wà nínú ẹ̀rọ. Ètò àfikún kan wà fún ẹni tí Windows 10 ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kí ni ẹni tó ń fi owó tuntun rajà fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Àwọn ọmọ ọjà mọ èyí. Wọ́n ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fipá gbé Windows 11 sórí ìran kẹrin, ìran karùn-ún. Á ṣí, á lẹ́wà, àmì rẹ̀ á wà láàárín bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí Windows 11 ṣí lórí ẹ̀rọ kò fi hàn pé ẹ̀rọ náà yẹ fún un. Ọjọ́ tí àtúnṣe ńlá kan bá dé tó sì kọ̀ láti wọlé ni ẹ máa mọ̀.

Ẹ wá àwọn tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì. Láàárín ìran kẹjọ, mẹ́ta tí mo fẹ́ràn ni HP EliteBook 840 G5, Dell Latitude 7490 àti Lenovo ThinkPad T480. Wọ́n lágbára, kíbọ́ọ̀dù wọn dára, ohun èlò wọn pọ̀ lọ́jà, a sì lè fi síkúrù-dúráífà tú wọn láìfi ọ̀bẹ ya ara wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó. Àwọn kan lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pẹ̀lú ìran keje nínú. Ẹ sì fojú sí lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn: 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, G4 jẹ́ ìran keje, G5 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìran kẹjọ. Lórí tábìlì ọlọ́jà, wọ́n jọra bí ìbejì.

Tí ẹ bá rí processor Celeron tàbí Pentium nínú láptọ́ọ̀pù tín-ín-rín kékeré, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Àyẹ̀wò: lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ tẹ àmì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter. Ẹ ka ìlà tí wọ́n pè ní Processor fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì kà á fún yín. Ẹ tún ṣe Windows àti R, ẹ kọ tpm.msc. "2.0" ló yẹ kó wà níwájú Specification Version. Méjèèjì ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìpele 3: RAM àti disk

Tí ẹ bá fi SSD, ìyẹn disk tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀, rọ́pò hard disk oní-yíyí, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí lójú ẹsẹ̀ kò láfiwé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe fún kọ̀ǹpútà oníbàárà, òun nìkan ni àwọn èèyàn máa ń pè mí padà láti dúpẹ́ fún. Ẹ jẹ́ kí SSD 256GB tẹ́ yín lọ́rùn ju hard disk 1TB lọ. Ìwé Word àti Excel ọdún mẹ́wàá kì í sábà kún 20GB, fọ́tò àti fídíò WhatsApp ló ń gba àyè.

Lórí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí Task Manager, Performance. Lára Disk, ó máa kọ SSD tàbí HDD. Lára Memory, ẹ wo "Slots used". Tó bá kọ "1 of 2", inú mi dùn fún yín: ihò kan ṣófo, ẹ lè fi RAM kún un lọ́la. Tí kò bá sí ihò kankan, tí wọ́n ti lẹ RAM mọ́ pákó inú rẹ̀, iye tí ẹ bá rà ni ẹ máa lò títí ẹ̀rọ á fi kú. Béèyàn bá ń ra irú ìyẹn, 16GB ni kó rà lójú kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dẹ́rù bà yín o. SSD 256GB á fi bíi 238GB hàn nínú Windows, 512GB á fi bíi 476GB hàn, 1TB á fi bíi 931GB. Kò sẹ́ni tó jí i. Ọ̀nà tí ẹni tó ṣe disk fi ń ka GB yàtọ̀ sí ti Windows ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní 256 tí ẹ rí 119, 128GB ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Eléyìí tún wà: àwọn kan ní ibi ìpamọ́ 32GB tàbí 64GB tí wọ́n ń pè ní eMMC. Windows nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, àtúnṣe àkọ́kọ́ tó bá dé ò ní ráyè jókòó. Bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù tó, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi fláàṣì yín sí i, ẹ ṣí CrystalDiskInfo. "Good" ló yẹ kó kọ. Tó bá kọ "Caution", ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ disk náà níwájú yín, tàbí kí ẹ dín owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ fi ra tuntun. Ẹ wo "Power On Hours" náà. Ìyẹn ni wákàtí tí disk ti fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ òun "kò tíì ṣiṣẹ́ kankan", jẹ́ kó wá ka èyí fún ẹ.

Ìpele 4: Lórí tábìlì ọlọ́jà

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí mọ́ tónítóní, ẹ wo ara rẹ̀." Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn pé ó mọ́ lóòótọ́, kí ẹ wá jókòó. Ẹ má ṣe é ní ìdúró. Ẹni tó bá dúró máa ń kánjú.

Ẹ kọ́kọ́ pa á pátápátá, kí ẹ tàn án. Bó bá ti ń tàn, ẹ tẹ F2 lórí Dell, F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad, kó lè gbé yín wọ BIOS, ibi ìṣètò ẹ̀rọ tó máa ń ṣí ṣáájú Windows. Tó bá béèrè páswọ̀ọ̀dù tí ọlọ́jà ò mọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Kò sí "ẹ máa lò ó lọ, kò ní dí yín lọ́wọ́" níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀ ló máa dí yín lọ́wọ́. Nínú BIOS yẹn, ẹ wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, Serial Number tàbí Service Tag, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wá láti ọ́fíìsì ní Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà. Tí ilé iṣẹ́ náà ò bá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn, á máa ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹ bá nu ún fún Windows tuntun, tí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú kan á yọ: ẹ káàbọ̀ sí ilé iṣẹ́ báyìí báyìí, ẹ fi íméèlì iṣẹ́ yín sí i. Íméèlì ta ni ẹ fẹ́ fi sí i? Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi rí lórí ẹ̀rọ tí mo rà fún oníbàárà, èmi ni mo sì san án padà. Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe Reset fún un, ìyẹn ni kí wọ́n nu ohun inú rẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun, kí ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù yín, kí ẹ wò ó títí á fi dé ibi tí ẹ ti ń kọ orúkọ yín. Ó gba àkókò, nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ mú wákàtí méjì dání. Tí ọlọ́jà bá kọ̀ jálẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ yọ ṣájà. Orí bátìrì ni gbogbo ìyókù máa wáyé.

Ẹ ṣí fáìlì yín láti orí fláàṣì, ẹ dà á sórí ẹ̀rọ, ẹ tún un ṣí. Tí Office ò bá sí níbẹ̀, LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ Office, á ṣí i tí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ yí nọ́ńbà kan padà, ẹ wo bó ṣe ń ṣírò. Ẹ ṣí ojú ewé mẹ́wàá nínú Chrome, kí fídíò YouTube kan máa lọ lábẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Kí fáànù máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, tàbí kí ẹ̀rọ kú lójijì, ìyẹn ni kò dára.

Kí ó tó tó àkókò, ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rẹ́ni tó délé kó tó mọ̀ pé lẹ́tà "n" ò jáde. Yorùbá wo ló fẹ́ fi kọ? Ẹ fi íàpíìsì sí ihò rẹ̀, ẹ fi fláàṣì sí gbogbo ihò USB, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ sọ ojú rẹ̀ di funfun látòkè délẹ̀, kí ẹ wá ojú dúdú kéékèèké tàbí àbàwọ́n. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán ń gbọ̀n níbi ìsopọ̀. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ Excel, ẹ béèrè fún ojú 1920 × 1080. Lórí 1366 × 768, ọwọ́ yín á máa lọ sótùn-ún lọ sósì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bátìrì ló kù. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, kí ẹ kọ:

powercfg /batteryreport

Ó máa sọ ibi tó kó àbọ̀ sí. Ẹ ṣí i nínú Chrome. "Design capacity" ni agbára tó ní nígbà tó jẹ́ tuntun, "full charge capacity" ni èyí tó kù. Tí tàkọ́kọ́ bá jẹ́ 60,000, tí èkejì sì jẹ́ 42,000, ìdá 70 nínú 100 ló kù. Mo máa ń gba 70 sókè. Tó bá wà lábẹ́ 50, ẹ ṣe bí ẹni pé kò ní bátìrì, kí ẹ sì ná an bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ tún wo abẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kì sínú báàgì. Mo sọ "tún wò". Òmíràn ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò, òmíràn ni wọ́n máa ń dì. Kí rìsíìtì gbé nọ́ńbà yẹn, irú processor, RAM, disk, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.

Ìpele 5: Iná

Ṣájà: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. "100-240V" ló yẹ kó wà níbi Input. Wáàtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀rọ mu, 65W ni ọ̀pọ̀ lára irú àwọn tí mo dárúkọ ń lò. Ṣájà ayédèrú lórí Dell lè mú kó kọ ọ́ sójú pé òun ò dá a mọ̀. Bátìrì lè má gba iná mọ́, processor á sì rọra máa fà. Ẹ ó máa bú kọ̀ǹpútà, ṣájà ló jẹ̀bi.

Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni ẹ fẹ́, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní ọ̀fìn kan. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Níbi tí wáyà iná ń wọ̀, ẹ lè rí bọ́tìnnì pupa kékeré tó ní 115 ní apá kan àti 230 ní apá kejì. Tó bá wà lórí 115 tí ẹ fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì wa níbí, á dún gbàù, èéfín á tẹ̀ lé e, ó parí. Ẹ fi síkúrù-dúráífà tì í sí 230 kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun. Àwọn mìíràn ò ní bọ́tìnnì náà, wọ́n kọ "100-240V" sára. Ìyẹn kò ní wàhálà.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì gbọ́dọ̀ ní UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé e tí iná bá lọ, torí bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìgbà tí Excel ń tọ́jú fáìlì, fáìlì yẹn lè má ṣí mọ́. UPS 650VA á gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan àti ojú rẹ̀ títí ẹ ó fi pa á dáadáa. Ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser mọ́ ọn. Nígbà tí laser bá ń gbóná, iná tó ń fà kúrò ní kékeré, UPS á ké, á sì kú. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kí ẹ fi í sí. Nítorí ọ̀rọ̀ iná yìí gan-an ni mo ṣe máa ń sọ fún ọ́fíìsì kékeré pé kí wọ́n ra láptọ́ọ̀pù: UPS rẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀.

Àyẹ̀wò: nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ẹ fa wáyà yọ lára ògiri. Kò yẹ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ìpele 6: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé

Ẹ má tíì ju rìsíìtì nù, ẹ má sì jẹ́ kí iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín kọjá láìṣe ohun gidi lórí ẹ̀rọ náà.

Ẹ wọ Settings, System, Activation. Tó bá kọ pé Windows ti "activated" pẹ̀lú digital license, ó dáa. Ní ti Office, ọlọ́jà á ní òun á "fi Office sí i fún yín lọ́fẹ̀ẹ́". Èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láìsanwó fún Microsoft ni, ohun tí wọ́n fi já a kì í sì í dá wọlé, fáírọ́ọ̀sì lè bá a rìn. Ẹni tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á. Tí ẹ ò bá tíì lè san ti Microsoft, ẹ lo LibreOffice, àmọ́ tí fáìlì yín bá ní macro nínú, ìyẹn àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ ṣe nínú Excel, ẹ kọ́kọ́ dán an wò, torí kì í ṣe gbogbo macro Excel ló máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú Excel, ẹ lọ sí File, Options, Save. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni AutoRecover máa ń tọ́jú iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ AutoSave tó wà lókè, ìyẹn kì í ṣiṣẹ́ àfi tí fáìlì bá wà lórí OneDrive tàbí SharePoint. Ẹ̀dà kan sórí fláàṣì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, òmíràn sí ibi tí kì í ṣe ọ́fíìsì.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn: ẹ fi ọjọ́ márùn-ún ṣe iṣẹ́ yín gan-an lórí rẹ̀, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, ẹ tẹ ojú ewé mẹ́wàá. Ẹ ṣe ìpàdé Zoom kan tó tó wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí Windows gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ṣe Ctrl, Shift, Esc, kí ẹ fi "Committed" ọjọ́ náà wé èyí tí ẹ kọ sínú ìwé ní ìpele 1. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè RAM yín, owó tí ẹ yọ sọ́tọ̀ nìyẹn, ẹ lọ ra RAM.

T480 kan ni mo bá bàbá akọ̀wé rà níkẹyìn, i5-8350U, RAM 16GB, SSD 256GB. Lórí tábìlì ọlọ́jà, fáìlì owó ẹgbẹ́ ṣí kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Wọ́n tì í, wọ́n tún un ṣí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé òun náà nìyẹn?" Wọ́n gbé i7 àtijọ́ fún ọmọ wọn tó ń kọ́ títẹ̀, ọmọ náà sì yọ sítíkà rẹ̀. Ó wà lára fìríìjì wọn báyìí.